Oníbàárà tó gbé páàtì tirẹ̀ wá: èwo ni ká gbà, èwo ni ká kọ̀?

Alátùnṣe

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti di ojoojúmọ́ fún àwa tí à ń tún mọ́tò ṣe. Oníbàárà á lọ ra páàtì fúnra rẹ̀, bóyá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bóyá lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀. Á gbé e wá tòun ti páálí, á ní ká ṣáà bá òun gbé e sí i, owó iṣẹ́ nìkan lòun máa san. Bí a bá kọ̀, á gba ibòmíràn lọ. Bí a bá sì gbà, páàtì lè máà wọlé nígbà tí a ti tú mọ́tò sílẹ̀, tàbí kó bàjẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí oníbàárà ní iṣẹ́ wa ni kò dáa. Bẹ́ẹ̀ owó tó wọlé kò tó èyí tí ṣọ́ọ̀bù fi ń dúró.

Èwo lẹ máa ń gbà nínú páàtì, èwo lẹ kì í gbà rárá? Báwo lẹ ṣe ń dá iye owó iṣẹ́ rẹ̀? Kí lẹ máa ń yẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì kankan? Kí lẹ sì ń kọ sílẹ̀ kí ìjà má bàa ṣẹlẹ̀?

Ọ̀gá Sípánà

Àbúrò, ẹ jẹ́ ká ti orí owó bẹ̀rẹ̀.

Èrè tí ṣọ́ọ̀bù ń jẹ lórí páàtì kì í ṣe owó ọ̀fẹ́. Òun ló ń san àsìkò tí a fi wá páàtì tó bá mọ́tò mu. Òun ló ń san ìrìnnà bí a bá ní láti dá èyí tí kò bá a mu padà. Òun náà la fi ń tún iṣẹ́ ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ bí páàtì bá kú láìtọ́jọ́. Ẹni tó ra páàtì fúnra rẹ̀ ti gba ẹrù yẹn sórí ara rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá sọ bẹ́ẹ̀ fún un kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, á gbà pé ẹ̀yin lẹ ṣì rù ú.

Iye owó méjì ló yẹ kó wà fún iṣẹ́ kan náà, kí oníbàárà rí méjèèjì kó tó yàn. Ká ní owó iṣẹ́ jẹ́ 100, èrè orí páàtì jẹ́ 40. Bí páàtì bá ti ọ̀dọ̀ yín wá, 140 ló kù sọ́wọ́ yín, ẹ̀yin lẹ ó sì dáhùn fún páàtì àti iṣẹ́. Bó bá gbé tirẹ̀ wá tẹ́ ẹ gba 100 péré, ẹ ti ń jẹ gbèsè láìmọ̀. Àmọ́ kò tọ́ kẹ́ ẹ gba 140 náà, torí ìdánilójú páàtì ti kúrò lọ́rùn yín. Lójú tèmi, 120 sí 125 ló bọ́gbọ́n mu. Ẹ má fi àfikún yẹn pamọ́ sábẹ́ orúkọ mìíràn o. Ẹ sọ ọ́ ní gbangba pé iye tí ṣọ́ọ̀bù ń gbà nìyí bí páàtì kò bá ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá.

Ẹ má sì tú mọ́tò kí páàtì tó dé ọwọ́ yín. Bí mọ́tò bá ti wà lókè tí páàtì kò sì wọlé, àyè iṣẹ́ kan ti dí nìyẹn, ẹlòmíràn tó fẹ́ san owó ò ní rí ibi wọ̀. Ẹ jẹ́ kó yé oníbàárà ṣáájú pé bí páàtì rẹ̀ kò bá bá a mu, yóò san owó títú àti owó títò padà, bó bá sì fẹ́ kí mọ́tò dúró de páàtì mìíràn, yóò máa san owó àyè láti ọjọ́ kejì.

Rìwáyà

Òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀gbọ́n. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni pé nígbà púpọ̀, páàtì tí oníbàárà gbé wá, òun kọ́ ni mọ́tò rẹ̀ nílò. Iná tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹnì kan bá a ka kóòdù, ló bá sáré lọ ra ohun tó gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ẹ wo kóòdù P0171. Ohun tó ń sọ ni pé afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ ní apá kìíní ẹ́ńjìnnì. Èèyàn á lọ ra oxygen sensor (sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn oxygen inú èéfín), nígbà tó jẹ́ pé rọ́bà tó ń gbé afẹ́fẹ́ wọlé ló ti ya, tàbí sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́ ló dọ̀tí, tàbí pọ́ǹpù epo ni agbára rẹ̀ ti relẹ̀. Bákan náà ni P0420, tó ń sọ pé catalytic converter (ohun tó ń fọ èéfín mọ́) kò ṣiṣẹ́ tó. Kẹ́ ẹ tó jẹ́ kó ra òmíràn, ẹ wò ó bóyá èéfín ń jò níbi tí páìpù ti so pọ̀ ṣáájú sẹ́ńsọ̀ ẹ̀yìn.

Ti alternator, ẹ̀rọ tó ń gbé iná sí bátìrì, ló wọ́pọ̀ jù. Kẹ́ ẹ tó tú èyí tó wà lára mọ́tò, ẹ wọn bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti sinmi fún wákàtí bíi mélòó kan. Bátìrì tó kún máa ń wà ní nǹkan bíi 12.6 V. Ẹ wá sítáàtì ẹ́ńjìnnì, ẹ tan iná iwájú àti fáànù. Bí ẹ bá rí iye tó wà láàárín 13.5 sí 14.7 V, alternator ń ṣiṣẹ́, ibòmíràn ni kẹ́ ẹ wò. Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú àwọn mọ́tò tuntun tí kọ̀ǹpútà wọn fúnra rẹ̀ ń dín gbígbé iná kù: tiwọn lè sọ̀ kalẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ láìsí àìsàn kankan. Ẹ tún wọn wáyà ilẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ mítà kan sórí negative bátìrì, èkejì sára ẹ́ńjìnnì nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Bó bá ju 0.2 V lọ, wáyà yẹn ló yẹ kẹ́ ẹ fọ̀ tàbí kẹ́ ẹ pààrọ̀, kì í ṣe alternator.

Ìdí nìyí tí mo fi ń ya iṣẹ́ sí méjì. Èkíní, “ẹ wò ó, ẹ tún un ṣe”: owó àyẹ̀wò wà níbẹ̀, a ó sì dáhùn bí àìsàn bá ṣì wà. Èkejì, “ẹ bá mi gbé e sí i”: a ó gbé e sí i dáadáa, ṣùgbọ́n a ò ṣèlérí pé iná orí dáṣíbọ́ọ̀dù á kú. Oníbàárà gbọ́dọ̀ mọ èwo lòun ń sanwó fún.

Nípa sẹ́ńsọ̀ kan náà: èyí tó wà ṣáájú catalytic converter lára ọ̀pọ̀ mọ́tò jẹ́ air-fuel ratio sensor, èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́ oxygen sensor lásán. Ojú ìdè méjèèjì lè jẹ́ M18 x 1.5, ẹnu wáyà wọn sì lè jọra, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé ọ̀kan sípò èkejì, kọ̀ǹpútà á máa ka ìkàkúkà, mọ́tò á sì máa mu epo.

Ìyá Páàtì

Ẹ kú ọ̀rọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ̀yìn káńtà lèmi wà, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé orúkọ mọ́tò àti ọdún rẹ̀ kò tó ra páàtì. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló ń yí páàtì padà láàárín ọdún kan náà. Nọ́ńbà VIN ni ká fi wá a. Nọ́ńbà àti lẹ́tà 17 ló máa ń jẹ́, kì í sì í ní lẹ́tà I, O tàbí Q nínú. Bí oníbàárà bá kọ nọ́ńbà tó ní O nínú wá, òdo ló ṣì kọ. Lẹ́yìn VIN, ẹ wo nọ́ńbà tó wà lára páàtì àtijọ́ fúnra rẹ̀, kí ẹ fi wé ti páálí, kí ẹ sì tún fi ti páálí wé ti ara páàtì tuntun. Bí ti páálí àti ti ara páàtì kò bá bára mu, ẹ dá a padà.

Ẹ wá gbé tuntun àti àtijọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ohun tí ojú máa ń fò ló pọ̀ níbẹ̀:

Bẹ́àrìn ẹsẹ̀: ẹ fi caliper wọn ìwọ̀n ìta, ti inú àti bó ṣe nípọn tó. Bí mọ́tò bá ní ABS (èyí tí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ há bí a bá tẹ bíréèkì), ẹ̀gbẹ́ kan bẹ́àrìn lè ní òrùka mágínẹ́ẹ̀tì. Ojú rẹ̀ lè dà bíi rọ́bà dúdú lásán, ẹ fi irin wẹ́wẹ́ kan án kẹ́ ẹ mọ̀. Ẹ̀gbẹ́ yẹn gbọ́dọ̀ kọjú sí sẹ́ńsọ̀. Bí ẹ bá yí i padà, ẹsẹ̀ á yí, ṣùgbọ́n iná ABS kò ní kú, ẹ ó sì tún fi ẹ̀rọ tẹ bẹ́àrìn náà jáde. Bẹ́àrìn tí a bá ti tẹ̀ jáde kì í ṣe é lò mọ́.

Pọ́lọ́ọ̀gì: gígùn ibi ìdè rẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ wò. 19 mm àti 26.5 mm wọ́pọ̀, ojú ìdè wọn sì lè bára mu. Bí ẹ bá fi èyí tó gùn jù sí i, piston lè gbá a. Bó bá kúrú jù, èédú á kún ojú ìdè tó ṣófo lára ẹ́ńjìnnì, fífi èyí tó gùn tó sí i lọ́jọ́ iwájú á sì di ogun. Ayédèrú iridium pọ̀ lọ́jà. Irin àárín ojúlówó tín-ín-rín, ó sábà máa ń wà láàárín 0.4 sí 0.7 mm. Bó bá nípọn bíi ti pọ́lọ́ọ̀gì lásán, ayédèrú ni.

Fílítà ọ́ìlì: ẹ wo inú àwọn ihò kéékèèké ẹnu rẹ̀. Bí ti ojúlówó bá ní rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì mọ́ inú tí tuntun kò sì ní, ẹ má gbà á. Gbogbo ọ́ìlì á máa ṣàn padà sísàlẹ̀ lálẹ́, ẹ́ńjìnnì á sì máa dún gbìgbì bí wọ́n bá sítáàtì rẹ̀ láàárọ̀.

Ọ̀pá CV (èyí tó ń gbé agbára láti inú gíà lọ sí ẹsẹ̀): ẹ ka eyín orí rẹ̀ méjèèjì, kẹ́ ẹ wọn gígùn rẹ̀, kẹ́ ẹ wo bóyá ti àtijọ́ ní òrùka ABS.

Alternator: iye ampere tó wà lára rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kéré sí ti àtijọ́. Ẹ ka pin ẹnu wáyà, ẹ ka ojú ọ̀nà bẹ́líìtì lára pulley. Bí pulley àtijọ́ bá jẹ́ irú èyí tó lè yí lọ sí apá kan ṣoṣo, ti tuntun náà gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ bẹ́líìtì á máa gbọ̀n.

Ọ́ìlì gíà tí wọ́n bá gbé wá, ẹ kà á dáadáa. Gíà CVT (ọ̀tọ́mátíìkì tí kò ní ìpele gíà) kì í mu ATF, ọ́ìlì gíà ọ̀tọ́mátíìkì, lásán. Táyà sì ní nọ́ńbà mẹ́rin níparí DOT: 2321 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2021.

Bàbá Bíréèkì

Ìyá wa, ẹ ṣeun gan-an. Èmi á dáhùn èyí tí a kì í gbà.

Àlòkù páàdì, àlòkù rọ́bà bíréèkì, àlòkù bẹ́líìtì tàímìn, àlòkù airbag àti bẹ́líìtì ìjókòó: rárá. Kò sí ìwé tí oníbàárà lè fọwọ́ sí tó máa mú ẹ̀rí ọkàn yín kúrò níbẹ̀. Bí bíréèkì bá kọ̀, ẹni tó ń rékọjá títì kò bá yín buwọ́ lùwé kankan. Páàdì tuntun tí kò ní orúkọ ẹni tó ṣe é, tí kò sì ní nọ́ńbà lẹ́yìn irin rẹ̀, èmi kì í gbé e sí i.

Èyí tó kàn ni páàtì tí kò pé. Oníbàárà gbé bẹ́líìtì tàímìn nìkan wá, ó ní tensioner, ohun tó ń fa bẹ́líìtì le, ṣì dáa. Lára ẹ́ńjìnnì tí valve àti piston rẹ̀ ń pín àyè kan náà, bí bẹ́àrìn inú tensioner bá fọ́, bẹ́líìtì á fò, valve á tẹ̀, ó di ẹ́ńjìnnì títú. Bẹ́líìtì, tensioner àti idler (pulley tó ń darí bẹ́líìtì) ni kó pé, pẹ̀lú wọ́tà pọ́ǹpù bó bá jẹ́ bẹ́líìtì yẹn ló ń yí i. Bó bá jẹ́ kílọ́ọ̀ṣì, disc, pressure plate àti bẹ́àrìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ jọ dé, kẹ́ ẹ sì wo flywheel kẹ́ ẹ tó tò ó. Gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ni bóòtù orí wọn máa ń fà gùn nígbà tí a bá dè wọ́n, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la sì ń lò wọ́n. Bí gásíkẹ́ẹ̀tì bá dé láìsí bóòtù, iṣẹ́ ò tíì lè bẹ̀rẹ̀.

Páàdì tuntun tún wà tí wọ́n fẹ́ ká gbé lé dísìkì tó ti jẹ tán. Iye tí dísìkì kò gbọ́dọ̀ kéré sí sábà máa ń wà lára rẹ̀, ẹ wá MIN TH. Ẹ fi micrometer wọ̀n ọ́n níwọ̀n ibi mẹ́rin ó kéré tán. Bó bá ti dé ibẹ̀, ẹ fi han oníbàárà, kẹ́ ẹ ní kó ra méjì, ọ̀tún àti òsì. Bí kò bá gbà, kó gbé mọ́tò rẹ̀ lọ bó ṣe gbé e wá.

Onímọ́tò

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tiwa náà. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń ra páàtì fúnra rẹ̀ ló ń wá ọjà pọ́ọ́kú. Mọ́tò mìíràn ṣọ̀wọ́n, ẹni tó ni ín ló mọ ibi tí páàtì rẹ̀ wà. Ẹlòmíràn ti san owó ojúlówó rí, ayédèrú ni wọ́n gbé sí i, kò sì rí páálí kankan wò. Bí ẹ bá fẹ́ ká fi ríra páàtì sílẹ̀ fún yín, ẹ fi páálí tuntun hàn wá kẹ́ ẹ tó ṣí i, ẹ dá páàtì àtijọ́ padà fún wa láìjẹ́ pé a béèrè, ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó ṣe é sínú rísíìtì. “Bẹ́àrìn 1” lásán kò tó.

Ọ̀nà kan wà tí kò pa ẹnikẹ́ni lára: kí ṣọ́ọ̀bù yẹ mọ́tò wò, kó kọ nọ́ńbà páàtì àti orúkọ ilé iṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta tó fọkàn tán sílẹ̀, kí onímọ́tò sanwó àyẹ̀wò yẹn, kó wá lọ rà á. Nígbà náà, bí nọ́ńbà bá ṣe wẹ́kú tí kò sì wọlé, ṣọ́ọ̀bù ló ni àṣìṣe. Bó bá ra òmíràn, òun ló ni ín.

Alátùnṣe

Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí létí gan-an, pàápàá ti ẹ̀yin onímọ́tò. Ó ku ẹyọ kan. Bí mọ́tò bá padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pẹ̀lú ariwo tàbí jíjò, báwo la ṣe ń mọ̀ bóyá páàtì ló bàjẹ́ ni, àbí ọwọ́ tiwa?

Bàbá Bíréèkì

Páàtì fúnra rẹ̀ máa ń sọ ọ́, bí ẹ bá tú u wò níṣojú oníbàárà.

Ẹ gé bẹ́àrìn náà, ẹ wo ojú ọ̀nà tí bọ́ọ̀lù ń gbà. Bí ẹ bá rí àpá kéékèèké tó jìnnà síra bákan náà bí bọ́ọ̀lù ṣe jìnnà síra, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ wọlé ló ṣe é: ó ti òrùka inú nígbà tó yẹ kó ti òrùka ìta, agbára ẹ̀rọ sì gba ara bọ́ọ̀lù kọjá. Ṣọ́ọ̀bù ló máa san èyí. Bó bá jẹ́ pé irin kàn ń ṣí bó níbì kan láìsí àpá bẹ́ẹ̀, tí gírísì inú rẹ̀ ti gbẹ, ọjà náà la ó kọ́kọ́ fura sí. Nọ́ọ̀tì àárín ẹsẹ̀ ńkọ́? Torque wrench ni ká fi dè é, ní iye tí ìwé mọ́tò náà sọ, kẹ́ ẹ sì kọ iye yẹn sílẹ̀. Bí ẹ bá fi ìbọn afẹ́fẹ́ nìkan dè é, ẹ kò ní ohun tẹ́ ẹ máa fi gbèjà ara yín.

Páàdì: bí ti inú bá jẹ ju ti ìta lọ púpọ̀, pin tí caliper ń rìn lórí rẹ̀ ti há, tàbí piston rẹ̀ kò padà sẹ́yìn. Ẹni tó pààrọ̀ páàdì ló yẹ kó ti fọ pin yẹn kó sì fi gírísì tó yẹ sí i, ó kéré tán kó ti sọ fún oníbàárà pé ó há. Àmọ́ bí ara páàdì bá ṣí kúrò lára irin ẹ̀yìn rẹ̀, ọjà burúkú nìyẹn.

Wọ́tà pọ́ǹpù: bí omi bá ń jáde láti ihò kékeré tó wà lára pọ́ǹpù fúnra rẹ̀, síìlì inú ló ti lọ. Ẹ wò ó bóyá omi réèdíétọ̀ kún fún ìpẹtà, torí ìyẹn náà ń ba síìlì jẹ́. Bó bá ń jò níbi tó ti pàdé ẹ́ńjìnnì, ojú ibẹ̀ ni a kò fọ̀ mọ́, tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ló yẹ̀.

Ṣọ́kù: ọ́ìlì lára rẹ̀, ọjà. Kíkan gbangba lókè rẹ̀, ẹ wo nọ́ọ̀tì àti mount. Búṣì apá ìsàlẹ̀ tó ya kíákíá sábà máa ń jẹ́ ẹ̀bi wa: ẹnì kan ti de bóòtù rẹ̀ pinpin nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì ń rọ̀ sílẹ̀, rọ́bà inú ti lọ́ kí mọ́tò tó kan ilẹ̀. Ẹ sọ mọ́tò kalẹ̀ kí ẹsẹ̀ gbé ìwúwo rẹ̀ kẹ́ ẹ tó de irú bóòtù yẹn gbẹ̀yìn.

Fílítà ọ́ìlì tó ń jò: bí ẹ bá rí rọ́bà méjì níbẹ̀, ti àtijọ́ lẹ gbàgbé sára ẹ́ńjìnnì. Ẹ má bá oníbàárà jiyàn.

Ọ̀gá Sípánà

Ohun tí mo máa ń kọ sínú ìwé iṣẹ́ nìyí, ẹ lè mú un lò:

“Oníbàárà ló mú páàtì yìí wá. Orúkọ ẹni tó ṣe é: … Nọ́ńbà: … Tuntun / àlòkù. Iye tí mọ́tò ti rìn: … Ṣọ́ọ̀bù dáhùn fún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, kò dáhùn fún páàtì. Bí páàtì bá bàjẹ́, oníbàárà ni yóò san owó iṣẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kejì. Bí páàtì kò bá bá mọ́tò mu, oníbàárà ni yóò san owó títú àti títò. A ṣe àyẹ̀wò àìsàn mọ́tò / a kò ṣe é. A dá páàtì àtijọ́ padà / oníbàárà kò fẹ́ ẹ.”

Ẹ kà á sí i létí kó tó buwọ́ lù ú. Ẹ ya fọ́tò páálí, nọ́ńbà ara páàtì àti ojú ibi tí mọ́tò ti ń ka ìrìn. Òfin oníbàárà yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn, ẹ rí i dájú pé ohun tẹ́ ẹ kọ kò ta kò ó. Bóòtù ìlò ẹ̀ẹ̀kan, síìlì, gírísì bíréèkì àti omi réèdíétọ̀, ẹ fi tiyín sí i, kẹ́ ẹ sì kọ wọ́n sínú owó, nítorí oníbàárà kì í rántí rà wọ́n.

Ìyá Páàtì

Ẹ fi èyí náà sí i: ọ̀pọ̀ nínú àwa tí à ń ta páàtì iná kì í gbà á padà bí a bá ti so ó mọ́ mọ́tò, kódà bí àpá kankan kò bá sí lára rẹ̀. Nítorí náà, orí tábìlì ni kí gbogbo ìfiwéra yẹn ti parí, kí ọ̀rá rẹ̀ sì ṣì wà lódindi. Bí alternator tàbí starter bá sì jẹ́ irú èyí tí a san owó ìdúró lé lórí títí àtijọ́ fi máa padà, ẹ má tú ti àtijọ́ sí wẹ́wẹ́, ẹ má sì yọ pulley rẹ̀. Ẹ dì í sínú páálí tuntun, kẹ́ ẹ fi lé oníbàárà lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, torí bí kò bá pé, owó ìdúró yẹn kò ní padà fún un.